Ìpànìyàn àti Ìgbèjà Ara Ẹni: Òfin Méjì ní Ilẹ̀ Yorùbá

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó gba ẹ̀mí ọmọnìkejì rẹ̀ ni òfin ń kà sí apànìyàn. Ẹnìkan lè gbèrò ikú ọ̀tá rẹ̀ kí ó sì pa á. Ẹlòmíràn lè ṣe é nínú ìbínú òjijì. Ẹ̀kẹta sì lè ṣe é nítorí pé bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni wọn ì bá sin. Òkú kan náà ni ó wà nílẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n ẹjọ́ wọn yàtọ̀. Àwọn àgbà a máa wí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ìṣòro ẹjọ́ ìpànìyàn ni pé ẹnìkejì tí à bá gbọ́ tẹnu rẹ̀ ti dákẹ́. Ìdí nìyí tí òfin fi gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀ tí adájọ́ yóò fi wọn ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ṣẹ́kù.

Orísun Òfin Méjèèjì

Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí àwọn amòfin ń pè ní Criminal Code ni Sir Samuel Griffith kọ fún Queensland ní ilẹ̀ Australia, ó sì di òfin níbẹ̀ ní 1899. Ìjọba amúnisìn mú un wọ Àríwá Nàìjíríà ní 1904. Ní 1916, lẹ́yìn ìdàpọ̀ ọdún 1914, ó di òfin gbogbo orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n òfin Mùsùlùmí ti Maliki ni ilé-ẹjọ́ àwọn alkali ní Òkè Ọya fi ń dájọ́. Ní 1947, ẹjọ́ ìpànìyàn kan láti Gwandu dé ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ìdájọ́ wọn ni pé ilé-ẹjọ́ ìbílẹ̀ kò lè fi ìjìyà tí ó ju ti Criminal Code lọ jẹ ẹnikẹ́ni. Èyí dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ní 1958, ìjọba Àríwá gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, Penal Code sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960. Òfin Sudan ni ó fi ṣe àwòkọ́ṣe, èyí tí òun náà ti ara òfin India ti 1860 wá. Àwọn Yorùbá Ìlọrin, Ọ̀fà àti Kabba wà nínú Àríwá nígbà náà, nítorí náà òfin yìí ni ó kàn wọ́n.

Òṣùwọ̀n Gúúsù

Nínú Criminal Code ti ìjọba àpapọ̀, abala 316 ni ó túmọ̀ ìmọ̀ọ́mọ̀pànìyàn. Gbòógì nínú ohun tí ó ń wò ni èrò ọkàn: bí ẹni náà bá fẹ́ kí ẹnìkejì kú tàbí kí ó gba ọgbẹ́ ńlá, ikú ni ìjìyà rẹ̀. Ìpànìyàn tí kò bófin mu ṣùgbọ́n tí kò dé ipò yìí ni abala 317 yà sọ́tọ̀. Ẹ̀wọ̀n gbére ni ìjìyà tirẹ̀ lè pọ̀ dé. Ìmúnibínú òjijì, gẹ́gẹ́ bí abala 318 ti là á sílẹ̀, lè fa ẹjọ́ láti ipò kìn-ín-ní wá sí ìkejì. Ìgbèjà ara ẹni kò rí bẹ́ẹ̀: bí ó bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, olùjẹ́jọ́ kò jẹ̀bi rárá. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣọ́ra kí ó má da méjèèjì pọ̀.

Ohun mẹ́ta ni abala 286 ń béèrè kí ìgbèjà tí ó yọrí sí ikú tó lè bófin mu:

(i) kí ẹnìkejì ti kọ lu olùjẹ́jọ́ láìtọ́, láìjẹ́ pé olùjẹ́jọ́ ni ó tọ́ ọ níjà;
(ii) kí ìkọlù náà jẹ́ irú èyí tí ó yẹ kí ó mú ènìyàn bẹ̀rù ikú tàbí ọgbẹ́ ńlá;
(iii) kí olùjẹ́jọ́ ní ìdí gúnmọ́ láti gbà pé kò sí ọ̀nà mìíràn tí òun lè gbà yọ.

Ní ti ẹni tí ó dá ìjà sílẹ̀, abala 287 ní kí ó ti kọ́kọ́ jáwọ́ nínú ìjà, kí ó sì ti fà sẹ́yìn dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ẹni tí ó já àdá gbà lọ́wọ́ ọ̀tá rẹ̀, tí ó wá ṣá a bí ó ti ń sá lọ, kò gbèjà ara rẹ̀ mọ́; ẹ̀san ni ó ń gbà.

Olùjẹ́jọ́ kọ́ ni ẹrù ẹ̀rí wà lọ́rùn rẹ̀. Láti inú ẹjọ́ Woolmington ti 1935 ní England ni ìlànà náà ti gbilẹ̀ pé olùpẹjọ́ ni yóò fi ẹ̀sùn rẹ̀ múlẹ̀ kọjá iyèméjì. Bí ẹ̀rí bá ti gbé ìgbèjà ara ẹni jáde, olùpẹjọ́ ni yóò bì í ṣubú.

Ibi tí Òfin Méjèèjì ti Pínyà

Kí ni ti ẹni tí wọ́n kọ lù ní tòótọ́, tí ó sì gbèjà ara rẹ̀ kọjá ààlà? Kò sí abala kankan nínú Criminal Code tí ó sọ pé àṣejù ìgbèjà nìkan lè sọ ìmọ̀ọ́mọ̀pànìyàn di ẹ̀ṣẹ̀ kékeré. Nínú ẹjọ́ Palmer tí ó wá láti Jamaica ní 1971, ìgbìmọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù sọ bákan náà nípa òfin England: ìgbèjà yálà kí ó dá ni sílẹ̀, tàbí kí ó já sófo. Wọ́n sì fi kún un pé kí adájọ́ rántí pé ẹni tí ewu ká mọ́ kò lè máa díwọ̀n agbára rẹ̀ bí ẹni ń wọn wúrà. Penal Code ní tirẹ̀ ṣí ọ̀nà kẹta sílẹ̀. Abala 222 sọ pé ẹni tí ó fi ọkàn mímọ́ gbèjà ara rẹ̀, tí ó ré ẹ̀tọ́ rẹ̀ kọjá láìgbèrò rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí kò sì fẹ́ ṣe ju ohun tí ìgbèjà ń fẹ́ lọ, kò tọ́ sí ikú. Ẹ̀wọ̀n ni adájọ́ lè fún un.

Ọ̀fà àti Ìkìrun kò jìnnà síra wọn. Èdè kan ni wọ́n ń sọ, Oòduà kan náà ni wọ́n ń pè ní baba. Síbẹ̀, bí àgbẹ̀ méjì bá ṣe irú àṣejù kan náà nínú ìjà oko, ọ̀kan ní ìhà ìhín, èkejì ní ìhà ọ̀hún, ìwé òfin ọ̀kan fún adájọ́ láyè láti dá ẹ̀mí sí. Ìwé òfin èkejì kò dárúkọ irú àyè bẹ́ẹ̀. Ààlà tí àwọn amúnisìn fà fún ìṣàkóso ni ó di ààlà láàrin ẹ̀wọ̀n àti okùn.