Ta Ni Yóò Jẹ́rìí sí Iṣẹ́ Abẹ?

Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ti ogun tàbí ti ọba. Ìtàn ìbéèrè kan ni: bí oníṣègùn bá la orúnkún tàbí ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn ènìyàn, tí ó sì rán an padà, ta ni yóò jẹ́rìí pé iṣẹ́ náà dára? Ṣé ẹni tí ó mú abẹ lọ́wọ́ ni, tàbí ẹni tí a fi abẹ là?

Nílùú wa, Emùrè-Ilé, lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán. Ẹni tí kò lè bẹ̀rẹ̀ kò lè kọ ebè. Obìnrin tí kò lè kúnlẹ̀, ọkùnrin tí kò lè dọ̀bálẹ̀, ẹni tí kò mọ ohun tí ó ń ṣe wọ́n lè pè wọ́n ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Orúnkún àti ẹ̀yìn ni a fi ń jẹun, àwọn náà ni a sì fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà.

Àwọn baba wa ní ìdáhùn tiwọn. Àwọn tí ń to eegun ní ilẹ̀ Yorùbá a máa fi igi pẹlẹbẹ di ẹsẹ̀ tí ó ṣẹ́. Àwọn mìíràn nínú wọn a máa dá ẹsẹ̀ adìẹ, wọn a sì tọ́jú rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti aláìsàn. Ọjọ́ tí adìẹ bá rìn ni wọ́n gbà pé ẹsẹ̀ ènìyàn náà jinná. Kí ẹnikẹ́ni má fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà kí ó tó rí ọgbọ́n inú rẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ìtọ́jú kò parí lọ́jọ́ tí a di igi. Ìrìn ni wọ́n ń dúró dè. Àbùkù ibẹ̀ ni pé adìẹ ni wọ́n bi, wọn kò bi aláìsàn. Bí wọ́n bá sì di igi náà le jù, ẹsẹ̀ a máa kú, gígé ni í sì í kẹ́yìn rẹ̀.

Ní 1943, nígbà ogun Hitler, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ibùdó sílẹ̀ ní Ìgbóbì, ní Èkó, fún àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́. Ní 1945 ó di ilé ìwòsàn eegun. Ọgbọ́n tuntun dé, ṣùgbọ́n ìbéèrè àtijọ́ kò lọ. Ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde ní ilé ìwòsàn, a kà á mọ́ àwọn tí ó sàn. Ta ni ó mọ bí ó ti rí nílé lẹ́yìn ọdún kan?

Ernest Codman, oníṣègùn ní Boston, ti bèèrè èyí ṣáájú. Ó ní kí ilé ìwòsàn máa wá aláìsàn kọ̀ọ̀kan kàn lẹ́yìn ọdún kan, kí wọ́n sì kọ òtítọ́ sílẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò fẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Ó fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ ní 1914. Nínú ilé ìwòsàn kékeré tirẹ̀, láti 1911 sí 1916, ó tọ́jú aláìsàn 337, ó sì tẹ àṣìṣe 123 jáde fún gbogbo ayé.

Ìgbẹ̀yìn fi hàn pé ó tọ̀nà. Ní Boston kan náà, ní 1934, Mixter àti Barr fi hàn pé kèrékèré àárín eegun ẹ̀yìn tí ó yọ jáde lè tẹ iṣan, kí ìrora sì gba ẹsẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn ti gbilẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn oníṣègùn Hóláńdì tọ aláìsàn 283 lẹ́yìn, tí wọ́n sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2007, wọ́n rí i pé abẹ tètè mú ìrora lọ, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún kan àwọn tí a kọ́kọ́ ní kí wọ́n ní sùúrù bá wọn dọ́gba. Ní Houston, ní 2002, a ròyìn aláìsàn 180 tí orúnkún wọn ti gbó. Awọ nìkan ni a gé fún àwọn kan, a sì fọ inú orúnkún àwọn yòókù. Lẹ́yìn ọdún méjì, ara àwọn tí a fọ tiwọn kò yá ju ti àwọn tí a gé awọ wọn lọ.

N kò sọ pé abẹ kò wúlò. Pípàrọ̀ orúnkún, tí ó gbilẹ̀ láti 1974 nípa iṣẹ́ Insall àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York, ti dá ọ̀pọ̀ ènìyàn padà sí ìrìn. Ìrora lọ, síbẹ̀ ó ṣòro fún púpọ̀ nínú wọn láti kúnlẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù ohun kékeré ni èyí lè jẹ́. Ní Emùrè-Ilé ńkọ́?

Nítorí náà, ẹni tí ó kàn ni kí a bi. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe ìwé ìbéèrè fún ẹ̀yìn ní Oswestry ní 1980, àti fún orúnkún ní Oxford ní 1998. Ọ̀kan nínú ìbéèrè 12 ti Oxford ni pé, ǹjẹ́ o lè kúnlẹ̀ kí o sì tún dìde? Ní 2007, àwọn olùkọ́ Yunifásítì Ìbàdàn tẹ tiwọn jáde fún orúnkún àti ìbàdí, ní ìbámu pẹ̀lú bí a ti ń gbé ayé wa níhìn-ín.

Iṣẹ́ ọwọ́ wa nìyí, àwa tí a ń kọ́ èdè. Oníṣègùn mọ eegun. Àwa ni ó yẹ kí a bá a wá ọ̀rọ̀ tí ìyá arúgbó yóò gbọ́, tí yóò sì fi òtítọ́ dáhùn. Adìẹ ti jẹ́rìí tó. Ẹ jẹ́ kí ènìyàn sọ tẹnu rẹ̀.