Akáńtáǹtì Tí Kò Kọ̀wé Fiṣẹ́ Sílẹ̀

Nínú àwa tí à ń fi kọ̀ǹpútà jẹun, ó ṣòro kí ẹ rí ẹni tí kò tíì gba áàpù àṣàrò sórí fóònù rẹ̀ rí. A máa ń gbà á ní oṣù January. A ó lò ó fún ọjọ́ mẹ́ta. Tó bá di ọjọ́ kẹrin, mítíìnì àárọ̀ á ti gba àyè rẹ̀. A ó wá máa sọ pé ọjọ́ tí a bá fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ la máa ráyè jókòó jẹ́ẹ́. A ti sọ ọ́ títí ó fi dà bí òótọ́ létí wa: pé iṣẹ́ àti àṣàrò ò lè gbé yàrá kan náà, pé àwọn mọ́ńkì orí òkè tí kì í san owó ilé ló ni ín.

Ìtàn ò gbè wá lẹ́yìn níbí. Àṣàrò tí èèyàn á pajú dé, tí á máa ṣọ́ èémí bó ṣe ń gba imú wọlé tó ń jáde, ọwọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba kan wà nínú bó ṣe rìn dé ọ̀dọ̀ irú wa. Ará Burma ni, orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Myanmar báyìí. Àwọn bàbá àgbà kan nílé wa mọ ibẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó wọn lọ jà nígbà ogun Hítílà.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan náà ló dá wàhálà ibẹ̀ sílẹ̀. Ní 1885 wọ́n gba ìlú Mandalay, wọ́n sì mú ọba ibẹ̀, Thibaw, lọ sí ìgbèkùn ní India. Ọba yìí ni alátìlẹ́yìn àwọn mọ́ńkì, òun ló ń dáàbò bo ẹ̀sìn Búdà. Nígbà tí ààfin tú, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba àwọn èèyàn pé ẹ̀kọ́ náà máa parun. Mọ́ńkì kan, Ledi Sayadaw (1846–1923), kọ ìwé ní èdè tí mẹ̀kúnnù lè kà, ó sì jẹ́ kí àwọn tí kì í ṣe mọ́ńkì kọ́ àṣàrò. Tí kò bá sí ọba mọ́, kí aráàlú gbé e fúnra wọn. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ìgbà tí ọwọ́ dilẹ̀ ni àṣàrò dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ oòjọ́. Ìgbà tí ilé ń jó ni.

Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́ ọ ni àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Saya Thetgyi. Ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ yìí ni U Ba Khin, ẹni tí à ń sọ, ti kọ́ tirẹ̀.

Rangoon ni wọ́n bí U Ba Khin sí ní 1899, nínú ilé tálákà. Akọ̀wé ló kọ́kọ́ jẹ́ ní ọ́fíìsì tó ń ṣírò owó ìjọba. Ó ṣèdánwò, ó yege, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Ní January 1937, ọmọ ẹ̀yìn Saya Thetgyi kan wá kí i, ó sì júwe bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ èémí fún un. Ó dán an wò, ọkàn rẹ̀ sì rọlẹ̀. Láìpẹ́ lẹ́yìn náà, ó gba ìsinmi ọjọ́ mẹ́wàá, ó di ọ̀dọ̀ àgbẹ̀.

Tó bá jẹ́ fíìmù ni, ibi yìí ni akọ̀wé á ti fiṣẹ́ sílẹ̀, á fá orí, á wọgbó lọ. U Ba Khin padà sí ọ́fíìsì.

Ó ṣe akáńtáǹtì fún rélùwéè. Nígbà tí Burma gba òmìnira ní January 4, 1948, òun ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe Akáńtáǹtì Àgbà. Iṣẹ́ ò wá dín kù o, ṣe ló ń pọ̀ sí i. Ìgbà kan wà tó jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ka ìjọba mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà fún ọdún mẹ́ta. Ìgbà mìíràn, mẹ́rin fún nǹkan bí ọdún kan. Àwa tí à ń sunkún torí pé wọ́n fi wá sí tíìmù méjì, ká rọra. Àárín gbogbo èyí ló dá ẹgbẹ́ alásàrò sílẹ̀ ní ọ́fíìsì Akáńtáǹtì Àgbà ní 1950, tó sì ṣí ilé àṣàrò sí Rangoon ní 1952. Ó di 1967 kó tó fẹ̀yìn tì.

Ọjọ́ mẹ́wàá ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ sábà máa ń gbà, iye yẹn ló sì jọ wá lójú jù. Mọ́ńkì lè fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe é, akọ̀wé ọ́fíìsì ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọjọ́ mẹ́wàá lè wọ inú ìsinmi ọdọọdún. U Ba Khin dín àlàyé ìwé kù, ó gbájú mọ́ ìṣe, bí ẹni tó ń kọ áàpù fún fóònù tí àyè inú rẹ̀ kéré.

Àmọ́ ká má parọ́, ọ̀gá ni. Ọ̀gá lè dá ẹgbẹ́ alásàrò sílẹ̀ níbi iṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni má bi í. Ọ̀kan nínú wa ti fóònù rẹ̀ pa fún ogún ìṣẹ́jú láàárọ̀ ọjọ́ kan kó lè jókòó jẹ́ẹ́. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti fún un ní kúẹ́rì.

Ní 1955, oníṣòwò kan wá bá U Ba Khin nítorí ẹ̀fọ́rí túúlu. S. N. Goenka lorúkọ rẹ̀, ọmọ India tí wọ́n bí sí Mandalay. Mọfíìnì ló fi ń pa ìrora náà. U Ba Khin kọ́kọ́ kọ̀ fún un: tó bá jẹ́ torí orí fífọ́ nìkan ló ṣe wá, kò wá síbi tó yẹ. Nígbà tó yá ló gbà á, Goenka sì bá a dé 1969, kó tó gbé ẹ̀kọ́ náà lọ sí India. Ibẹ̀ ni Sharon Salzberg, ọmọ Amẹ́ríkà, ti kọ́ ọ ní 1971, ọdún tí U Ba Khin kú. Ní 1975, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àṣàrò tiwọn sílẹ̀ ní Massachusetts.

Ní December 2018, Jack Dorsey, tó ń darí Twitter àti Square pa pọ̀ nígbà yẹn, kọ ọ́ síta pé òun ti lọ ṣe ọjọ́ mẹ́wàá ní Myanmar, lọ́nà ti Goenka. Àwọn èèyàn bínú sí i pé kò dárúkọ àwọn Rohingya tí ológun ibẹ̀ lé kúrò nílùú. Wọn ò jayò pa. Síbẹ̀, ọjọ́ mẹ́wàá tí wọ́n gé bá ìsinmi akọ̀wé mu ni ọ̀gá ilé-iṣẹ́ méjì náà lọ ṣe.

Ìsinmi tó kù fún wa lọ́dún yìí jẹ́ ọjọ́ méjìlá. A ti kọ mẹ́wàá sínú fọ́ọ̀mù. Ọ̀gá ò tíì buwọ́ lù ú.