Bí ìṣọ̀kan ìjọ mẹ́ta ṣe forí ṣánpọ́n lọ́dún 1965, àti ibi tí àwọn Kristẹni ti ń jọ́sìn pọ̀

Lọ́jọ́ kọkànlá oṣù Kejìlá ọdún 1965, ó yẹ kí ìjọ Áńgílíkà, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àti ìjọ Presbitéríà ní Nàìjíríà di ìjọ kan ṣoṣo. Abẹ́ àwọn bíṣọ́ọ̀bù kan náà ni gbogbo wọn ì bá wà, ọmọ ìjọ èyíkéyìí ì bá sì lè kúnlẹ̀ níwájú tábìlì Olúwa láìsí ẹni tí yóò bi í léèrè ibi tó ti wá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn aṣáájú fi jókòó lórí ètò náà. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ọjọ́ pé, wọ́n sún un síwájú láìdá ọjọ́ mìíràn. Títí di òní, ọjọ́ náà kò tíì dé.

Ohun tó fà á kì í ṣe àríyànjiyàn lórí Mẹ́talọ́kan tàbí àjíǹde òkú, nítorí ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ kan náà ni àwọn ìjọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń kà. Àárín àwọn ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni wàhálà ti bẹ́ sílẹ̀, pàápàá ní Èkó, níbi tí àwọn kan ti kọ̀ jálẹ̀ pé àwọn kò ní bá wọn dà pọ̀. Ọ̀rọ̀ ilé ìjọsìn àti ohun-ìní ìjọ wà nínú rẹ̀. Ilé tí àwọn bàbá ńlá ẹni fi owó àti òógùn ara wọn kọ́ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ wẹ́rẹ́. Àsìkò pàápàá kò dára: rògbòdìyàn ìdìbò ti gba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà kan, ológun gba ìjọba ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1966, ogun abẹ́lé sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1967.

Gúúsù Íńdíà ni àwọn tó ṣètò náà ti rí àwòkọ́ṣe. Níbẹ̀, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1947, àwọn Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì, Presbitéríà àti Kongregéṣọ́nà di ìjọ kan. Wọ́n fẹnu kò pé bíṣọ́ọ̀bù ni yóò máa fi àlùfáà joyè láti ìgbà náà lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ti jẹ́ òjíṣẹ́ tẹ́lẹ̀ kò ní tún gba ìgbọ́wọ́lé mìíràn. Wọ́n tún ṣèlérí pé a kò ní fi ipá mú ìjọ kankan láti gba ọ̀nà ìsìn tàbí òjíṣẹ́ tí ẹ̀rí-ọkàn wọn kò lè gbà. Ìlérí kejì yìí ló ṣe pàtàkì jù, nítorí ó fi ọkàn àwọn tí ẹ̀rù ń bà balẹ̀.

Ẹni tó bá wo ìtàn láti ìbẹ̀rẹ̀ yóò rí i pé ìyapa kọ́ ni ẹ̀sìn Kristẹni bá wọ ilẹ̀ Yorùbá. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman, òjíṣẹ́ Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ní oṣù Kejìlá ni Henry Townsend ti ìjọ Áńgílíkà dé. Àwọn méjèèjì jọ ṣe Kérésìmesì ọdún náà ní Àgbádárìgì, Ṣódẹkẹ́ sì gba àwọn méjèèjì tọwọ́tẹsẹ̀ ní Abẹ́òkúta.

Ìyapa tó tẹ̀lé e lẹ́yìn náà kì í sì í ṣe èyí tí a lè dá lẹ́bi lójú ẹsẹ̀. Lọ́dún 1888, lẹ́yìn tí òyìnbó míṣọ́nnárì lé Pásítọ̀ Moses Ladejo Stone kúrò níṣẹ́, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn Onítẹ̀bọmi Èkó bá a jáde. Lọ́dún 1901, ìwà tí wọ́n hù sí Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson ló bí ìjọ African Church láti inú ìjọ Áńgílíkà. Lọ́dún 1917, ọ̀rọ̀ aláya púpọ̀ ló lé àwọn kan jáde nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tí wọ́n fi dá UAMC Ẹléjà sílẹ̀. Àwọn tó jáde kò yí Bíbélì padà. Wọ́n kọ ìfojútẹ́ńbẹ́lú ni. Nígbà tí àwọn Onítẹ̀bọmi sì tún parapọ̀ lọ́dún 1914, Mojola Agbebi, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú àwọn tó ti jáde, ni wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́. Ìlàjà tó fi ipò fún ẹni tí a ti ṣẹ̀ máa ń fìdí múlẹ̀ ju èyí tó kàn ní kó padà wá tọrọ àforíjì.

Àwọn Mẹ́tọ́díìsì fúnra wọn tọ́ ìyapa wò lẹ́yìn náà. Òfin tuntun ọdún 1976, tó sọ olórí ìjọ di Pátríákì lábẹ́ Bọ́lájí Ìdòwú, pín wọn sí méjì fún ọdún mẹ́rìnlá, kó tó di pé wọ́n parí rẹ̀ lọ́dún 1990. Ó ṣe ni láàánú pé nínú ilé kan náà ni ọ̀rọ̀ oyè ti dá irú ìjà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Ní ti ìsìn gan-an, ìrìbọmi àti Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa ni ògiri tó ṣì dúró. Ìjọ Àgùdà àti Áńgílíkà ń ri ọmọ ọwọ́ bọmi. Àwọn Onítẹ̀bọmi kò gbà á, àgbà tó ti jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ nìkan ni wọ́n ń tẹ̀ bọ mi. Nítorí náà, ìyàwó tó bá fẹ́ bá ọkọ rẹ̀ lọ sí ìjọ mìíràn lè gbọ́ pé ìrìbọmi ìgbà èwe rẹ̀ kò tó. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dun àwọn òbí tó gbé e lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ náà wọra. Ìjọ Àgùdà, ní tirẹ̀, kì í fún ọmọ ìjọ mìíràn ní Ìdàpọ̀ Mímọ́ àyàfi ní ìgbà ìṣòro ńlá. Lọ́dún 1982, àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn láti ọ̀pọ̀ ìjọ, títí kan Àgùdà, pàdé ní Lima ní Peru, wọ́n sì gbé ìwé kan jáde lórí ìrìbọmi, Ìdàpọ̀ Mímọ́ àti iṣẹ́ òjíṣẹ́. Ó mú èrò wọn súnmọ́ra, kò tíì mú tábìlì wọn papọ̀.

Síbẹ̀, ohun tí wọ́n jọ ní kò kéré. Ìpàdé tó wáyé ní Èkó lọ́dún 1875 ló jẹ́ kí àwọn míṣọ̀n fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè Yorùbá sílẹ̀. Odidi Bíbélì Yorùbá, tí iṣẹ́ Àjàyí Crowther jẹ́ òpó rẹ̀, sì jáde lọ́dún 1884. Òun ni Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì, Onítẹ̀bọmi àti Aládùúrà ń kà. Ìdí nìyí tí ìsìn ìsìnkú fi rọrùn láti jọ ṣe: ẹgbẹ́ akọrin ìjọ mẹ́ta lè wọ aṣọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n sì kọ orin kan náà láìsí ìdánrawò. Immanuel College, Ìbàdàn, ni àwọn Áńgílíkà àti Mẹ́tọ́díìsì jọ dá sílẹ̀ lọ́dún 1958 láti máa kọ́ àlùfáà pọ̀. Ní Chapel of the Resurrection ní Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn ọmọ ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì oríṣiríṣi ń jọ́sìn lábẹ́ òrùlé kan.

Ọ̀sẹ̀ Àdúrà fún Ìṣọ̀kan Àwọn Kristẹni, tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1908, ń wáyé láti ọjọ́ kejìdínlógún sí ọjọ́ karùn-ún-dínlọ́gbọ̀n oṣù Kìn-ín-ní lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn ìyá ni nǹkan ti ń lọ geerege jù. Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹta ni Ọjọ́ Àdúrà Àgbáyé ti àwọn obìnrin. Àwọn obìnrin láti ìjọ oríṣiríṣi ń péjọ sí ilé ìjọsìn kan, wọn kì í bi ara wọn léèrè ta ló fi àlùfáà joyè, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìwé ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ pín. Orílẹ̀-èdè kan ni ó máa ń kọ ètò ìsìn náà fún gbogbo àgbáyé lọ́dọọdún. Ti ọdún 2026, àwọn obìnrin Nàìjíríà ni wọ́n yàn láti kọ ọ́, ìpè Jésù sí àwọn tí ẹrù wọ̀ lọ́rùn, nínú Mátíù orí kọkànlá, ni wọ́n sì gbé e kà.