Súpámákẹ́ẹ̀tì Òkè-Òkun: Níbo ni Ìgbádùn Rẹ̀ ti Ṣẹ̀?

Ọmọ Yorùbá tí ó bá ti òkè-òkun dé kì í pẹ́ kí ó tó ròyìn súpámákẹ́ẹ̀tì. Yóò ní búrẹ́dì oríṣiríṣi kún pẹpẹ, ẹran wà nínú fíríìjì gbọọrọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó máa ń dùn mọ́ ọn jù ni pé ènìyàn lè gbé nǹkan, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó ka ohun tí a kọ sí i lára, kí ó sì dá a padà, láìsí ẹni tí yóò bi í pé kí ni ó fẹ́ rà. Òmìnira ọwọ́ àti ojú yìí ni ìgbádùn náà gan-an, kò sì tíì pẹ́ púpọ̀ tí ó dé ilé ayé.

Ṣáájú ọdún 1916, ẹ̀yìn káńtà ni ọjà máa ń wà nínú ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ní Amẹ́ríkà. Oníbàárà yóò sọ ohun tí ó fẹ́, yóò sì dúró kí ọmọ ṣọ́ọ̀bù bá a mú un. Ní gúúsù ilẹ̀ náà, níbi tí òfin ti ya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀, ìdúró yìí korò. Bí aláwọ̀ funfun bá tilẹ̀ wọlé lẹ́yìn, òun ni wọn yóò kọ́kọ́ dá lóhùn.

Ní ìlú Memphis, ní gúúsù yìí kan náà, ni Clarence Saunders ti ṣí ṣọ́ọ̀bù Piggly Wiggly ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1916. Oníbàárà yóò mú agbọ̀n lẹ́nu ọ̀nà, yóò gba ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó lọ́ kọjá láàárín àwọn pẹpẹ, yóò sì sanwó níbi àbájáde. Wọ́n kọ iye owó sí ara ọjà. Kì í ṣe àánú ni ó sún Saunders ṣe é. Owó oṣù àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù ni ó fẹ́ dín kù. Síbẹ̀, iye tí a kọ sí ara agolo kò mọ àwọ̀ ẹni tí ó gbé e. Èyí kò fi òpin sí ìyàsọ́tọ̀ o! Ní ọdún 1960, ní Greensboro, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúdú mẹ́rin ra ọjà ní ilé-ìtajà Woolworth, wọ́n gba owó wọn, ṣùgbọ́n wọn kò fún wọn ní oúnjẹ nígbà tí wọ́n jókòó nídìí káńtà oúnjẹ.

Ní ọdún 1937 ni Sylvan Goldman gbé tírọ́lì jáde ní Oklahoma City. Àwọn ènìyàn kọ́kọ́ kọ̀ ọ́: àwọn ọkùnrin ní ọwọ́ àwọn lágbára tó láti gbé agbọ̀n, àwọn obìnrin ní àwọn ti ti kẹ̀kẹ́ ọmọ tó. Ó wá háyà àwọn kan kí wọ́n máa ti tírọ́lì káàkiri ṣọ́ọ̀bù bí ẹni tí ó ń rajà.

Títà láìsí òǹtajà nítòsí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Láyé àtijọ́, àgbẹ̀ a máa pàtẹ iṣu sí ẹ̀bá ọ̀nà, a ó kó òkúta wẹ́wẹ́ tì í láti fi iye owó hàn, a ó sì gba oko lọ; ẹni tí ó bá rà á yóò fi owó sílẹ̀. Ohun tí súpámákẹ́ẹ̀tì kò ní ni ìnájà àti èènì, àti ìyá ọlọ́jà tí yóò béèrè àlàáfíà ọmọ ẹni. Àdánù gidi ni èyí.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti tò pẹ́ ni ó mọ iyì òmìnira náà. Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù Soviet, ènìyàn yóò tò láti yan ọjà, yóò tún tò láti sanwó, yóò sì tún tò láti gba ohun tí ó rà. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1989, Boris Yeltsin, tí ó di ààrẹ Rọ́ṣíà ní ọdún 1991, yà sí súpámákẹ́ẹ̀tì Randall's kan ní agbègbè Houston. Ó ń bi àwọn oníbàárà léèrè ohun tí wọ́n rà àti iye tí wọ́n rà á. Ó bi ọ̀gá ibẹ̀ bóyá ènìyàn ní láti gba ẹ̀kọ́ pàtàkì kí ó tó lè bójú tó irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó sọ fún àwọn tí wọ́n jọ wá pé bí àwọn ará ilé bá rí èyí, wọn yóò dìtẹ̀.