Namakarana: Ìsọmọlórúkọ Láàrin Àwọn Ẹlẹ́sìn Híńdù

Namakarana ni àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ń pe ayẹyẹ ìsọmọlórúkọ. Inú èdè Sáńsíkírìtì ni ọ̀rọ̀ náà ti wá: nama ni orúkọ, karana ni ṣíṣe. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú ètò ìsìn 16 tí wọ́n ń ṣe fún ènìyàn láti inú oyún títí di ọjọ́ tí wọ́n bá sun òkú rẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ fi èyí sọ́kàn. Íńdíà ni orílẹ̀-èdè, Híńdù ni ẹlẹ́sìn, Híńdì sì ni èdè. Kì í ṣe gbogbo ará Íńdíà ni Híńdù, bẹ́ẹ̀ ni àwọn Híńdù pọ̀ ní Nepal àti Mauritius. Àṣìṣe yìí pọ̀ nínú ìwé ìdánwò ju bó ti yẹ lọ.

Ìwé òfin Manu, tó ti wà láti nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn, ní kí wọ́n sọ ọmọ lórúkọ ní ọjọ́ kẹwàá tàbí ìkejìlá, tàbí ọjọ́ mìíràn tó bá dára. Ọ̀pọ̀ ìdílé kì í bọ òrìṣà fún ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn ìbímọ, nítorí wọn kò tí ì ka ilé sí mímọ́. Tí ọjọ́ bá pé, wọn yóò tún ilé ṣe, ìyá àti ọmọ yóò wẹ̀, wọn yóò sì wọ aṣọ tuntun. Ní Kerala, ní gúúsù Íńdíà, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n ni. Wọ́n á so òwú dúdú mọ́ ọmọ nídìí.

Báwo ni wọ́n ṣe ń rí orúkọ? Ibí ló dùn jù. Awòràwọ̀ yóò wo ibi tí òṣùpá wà ní wákàtí tí a bí ọmọ náà. Wọ́n pín ọ̀nà òṣùpá sí ilé 27, wọ́n sì pín ilé kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 108. Ìpín kọ̀ọ̀kan ní sílébù tirẹ̀. Ilé tí wọ́n ń pè ní Rohini ní O, Va, Vi àti Vu. Ọmọ obìnrin tí ìpín rẹ̀ bá jẹ́ Vi lè jẹ́ Vidya, tó túmọ̀ sí ìmọ̀. Ẹ má fi wé orúkọ àmútọ̀runwá tiwa pátápátá: Ìgè tàbí Àìná bá ọmọ wáyé ní odindi, ṣùgbọ́n ìràwọ̀ fún ọmọ Híńdù ní ìró ìbẹ̀rẹ̀ nìkan. Àwọn òbí ni yóò parí rẹ̀.

Ní ọ̀pọ̀ ilé, bàbá ló ń sọ orúkọ náà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí etí ọ̀tún ọmọ. Ní Maharashtra àti Gujarat, arábìnrin bàbá ọmọ ló ni ẹ̀tọ́ yìí. Àwọn obìnrin á tẹ́ ọmọ sínú ibùsùn tí a so rọ̀, wọ́n á máa fì í, wọ́n á máa kọrin.

Kì í ṣe gbogbo àṣẹ àtijọ́ ló dára. Manu ní kí orúkọ ọmọ àwọn tí wọ́n kà sí ìpele ìsàlẹ̀ ní ìtumọ̀ àbùkù. Ẹ wo ìyà tí ọmọ kò mọwọ́mẹsẹ̀! Òfin orílẹ̀-èdè Íńdíà ti 1950 kò fàyè gba kí ìjọba yan ẹnikẹ́ni jẹ nítorí ìpele ìbí rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ oyin kàn yín. Kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó pé, nínú ètò ìbí tí wọ́n ń pè ní Jatakarma, bàbá a máa fi wúrà tọ́ oyin àti bọ́tà màlúù yíyọ́ sí ọmọ lẹ́nu. Àwa náà ń fi oyin wúre. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà kìlọ̀ pé ọmọ tí kò tí ì pé oṣù 12 kò gbọdọ̀ tọ́ oyin wò rárá, bó ti wù kó kéré mọ. Kòkòrò àìfojúrí kan lè wà nínú rẹ̀ tó ń di májèlé nínú ìfun ìkókó, tí ara ọmọ á rọ jọwọrọ, tí mímí á sì nira fún un. Sísè oyin nílé kì í pa á. Ẹ jẹ́ kí ìyá tàbí àgbà tọ́ ọ wò dípò ọmọ. Àdúrà náà kò yí padà.

Àwọn ìwé ìsìn àtijọ́ kan tún mẹ́nu ba orúkọ àṣírí tí bàbá àti ìyá nìkan mọ̀ títí ọmọ yóò fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ olùkọ́ ìsìn. Títí di òní, ìdílé mìíràn ń fi orúkọ ìràwọ̀ pamọ́ fún àdúrà, wọ́n á sì fún ọmọ ní òmíràn fún ilé ìwé. Bí ẹ bá ní ọmọ Híńdù ní kíláàsì, orúkọ tó wà nínú rẹ́jísítà lè máà jẹ́ èyí tí wọ́n sọ sí i létí.