Ibi Tí Páàtì Ẹ́ńjìnnì Oníná Àtijọ́ Ti Ń Wá

Bí ẹ́ńjìnnì oníná tó ń ti ọkọ̀ ojú omi bá kú lẹ́yìn ọgọ́ta tàbí ọgọ́rùn-ún ọdún, orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń wá. Wọ́n á rí i pé ilé iṣẹ́ náà ti kógbá sílé tipẹ́, wọ́n á sì gbà pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Èrò tèmi ni pé orúkọ kọ́ ló yẹ kí wọ́n máa wá, ìwọ̀n ni. Ìtàn ẹ́ńjìnnì yìí fúnra rẹ̀ ló fi hàn bẹ́ẹ̀, torí láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, iṣẹ́ àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi nìkan kọ́ ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe aago, àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ iná ìmọ́lẹ̀, àwọn tó ni ọkọ̀ tírámù àti, nígbà tó yá, àwọn tó ń ṣe mọ́tò ni wọ́n ti kó ọgbọ́n àti ẹ̀yà rẹ̀ jọ. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe kó o jọ á mọ ibi tó yẹ kóun lọ wá èyí tó bàjẹ́.

Ní ọdún 1838, Moritz Jacobi fi ẹ́ńjìnnì oníná wa ọkọ̀ lórí odò Neva ní ìlú St Petersburg, nílẹ̀ Rọ́ṣíà, pẹ̀lú èrò tó lé ní 10 nínú rẹ̀. Ohun ìyanu ni lóòótọ́, àmọ́ kò lè di òwò, torí pé ṣe ni bátìrì ìgbà náà ń jẹ irin síńkì inú rẹ̀ tán, kò sì ṣeé tún gba iná sí. Bátìrì olójé tí Gaston Planté ṣe ní 1859, tí Camille Faure sì mú sunwọ̀n sí i ní 1881, ló la ọ̀nà. Ọdún 1881 yẹn náà ni Gustave Trouvé gbé ẹ́ńjìnnì kékeré kan lọ sórí odò Seine ní Paris, èyí tí èèyàn lè yọ kúrò nídìí ọkọ̀ tòun ti pùròpẹ́là àti ìtọ́kọ̀ rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Anthony Reckenzaun wa ọkọ̀ kan tí wọ́n pè ní Electricity lórí odò Thames ní Lọ́ńdọ̀n, dáínámò Siemens ló sì wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ síbí yìí. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń pèsè iná ni dáínámò. Reckenzaun kàn dorí iṣẹ́ rẹ̀ kodò ni, ó fún un níná kó lè máa yí. Ní 1886, ọkọ̀ mìíràn tó ṣe, Volta, sọdá òkun láti Dover dé Calais, ó sì padà. Láàárín ọdún díẹ̀, Moritz Immisch, ọmọ Jámánì kan tó ti ń ṣe aago kó tó bọ́ sídìí iṣẹ́ iná, ti ní ọkọ̀ oníná tí wọ́n ń háyà lórí Thames. Viscountess Bury, tí wọ́n ṣe ní 1888, lè gba bí èèyàn 80, erékùṣù Platt's Eyot ní Hampton sì di ibùdó tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọkọ̀ náà.

Ẹnì kan lè sọ pé ìtàn yìí gan-an ló ta ko ohun tí mò ń sọ. Ní ayé ìgbà yẹn, fáìlì ni oníṣẹ́ fi ń ha irin títí ẹ̀yà kan á fi bá èkejì mu, bí ẹ́ńjìnnì bá sì bàjẹ́, ibi tí wọ́n ti ṣe é ni wọ́n ń dá a padà sí. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló rí, báwo ni ìwọ̀n ṣe fẹ́ ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ lẹ́yìn tí ibẹ̀ ti di ahoro? Ìdáhùn mi ni pé ara ẹ́ńjìnnì, ìyẹn irin ńlá tó dì í mú, ni ọ̀rọ̀ yẹn bá jù lọ, ara ọ̀hún kì í sì í sábà bàjẹ́. Ohun tí lílò máa ń jẹ ni bóòtù, búrọ́ọ̀ṣì, bíárìn àti wáyà, ọwọ́ gbogbo ayé sì làwọn yìí bọ́ sí kíákíá. Ẹ wo bóòtù. Láti 1841 ni Joseph Whitworth ti dá òfin kan sílẹ̀ fún eyín bóòtù ní Ìlú Ọba, igun rẹ̀ jẹ́ dìgírì 55. Ní Amẹ́ríkà, William Sellers mú dìgírì 60 wá ní 1864. Ní 1884, wọ́n tún gbé ìlànà British Association jáde fún àwọn bóòtù wẹ́wẹ́, èyí táwọn oníṣẹ́ iná ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ́wọ́ gbà gan-an. Ìdí nìyẹn tí bóòtù Amẹ́ríkà fi lè wọ ihò ẹ́ńjìnnì Gẹ̀ẹ́sì ní ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, kó tó há. Ẹni tó bá fi tipátipá yí i á ba eyín ihò náà jẹ́, á sì máa rò pé ọjọ́ orí ẹ́ńjìnnì ló fà á. Bẹ́ẹ̀ bóòtù tó bá a mu kò tíì tán lọ́jà: àwọn tó ń tún ẹ̀rọ oníhooru àtijọ́ ṣe ṣì ń rà á títí dòní.

Ọ̀rọ̀ búrọ́ọ̀ṣì tún jinlẹ̀ ju ti bóòtù lọ, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àtúnṣe ti ń forí ṣánpọ́n. Wáyà bàbà tí wọ́n hun pọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń gbé iná wọ inú apá tó ń yí, ó sì ń ha òrùka bàbà inú rẹ̀ bàjẹ́. George Forbes dábàá kábọ̀n ní 1885, Charles Van Depoele sì fi hàn lórí ọkọ̀ tírámù Amẹ́ríkà ní 1888 pé ó tọ́jọ́. Láti ìgbà yẹn, kábọ̀n kan náà ló ń ṣiṣẹ́ nínú tírámù, nínú ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ àti nínú ọkọ̀ ojú omi. Èèyàn lè ra èyí tó tóbi, kó gé e, kó sì fi pépà oníyanrìn ha á títí á fi wọ ilé rẹ̀ láìhá. Àmọ́ rúlà nìkan ò tó níbí. Ẹ́ńjìnnì tó ń lo fóòtì 12 tàbí 24 máa ń fa iná púpọ̀, kábọ̀n tí wọ́n po ìyẹ̀fun bàbà mọ́ ló sì yẹ ẹ́. Bí wọ́n bá fi èyí tí kò ní bàbà sí i, á gbóná, agbára rẹ̀ á sì dín kù. Bí wọ́n bá fi èyí tó le jù sí i, òrùka bàbà ni yóò jẹ, ìyẹn sì wọ́n ju búrọ́ọ̀ṣì lọ fíìfíì. Nítorí náà, ìwọ̀n tí mò ń sọ kan ohun tí wọ́n fi ṣe ẹ̀yà, bó ṣe le tó àti iye iná tó lè gbé.

Bíárìn kò gbà wá lákòókò tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n dá SKF sílẹ̀ ní Göteborg, nílẹ̀ Sweden, ní 1907, nọ́ńbà ara bíárìn di èdè tí gbogbo ọjà gbọ́. Èyí tí wọ́n kọ 6203 sí lára, ihò rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 17, òde rẹ̀ 40, nínípọn rẹ̀ 12, ẹni yòówù kó ṣe é. Bí ẹ́ńjìnnì bá sì ti dàgbà jù fún bíárìn, tó jẹ́ búṣì bàbà ló wà nínú rẹ̀, tọ́nà tó ní ẹ̀rọ léètì á gbẹ́ tuntun jáde lára irin. Ti wáyà ló gba sùúrù: kí wọ́n tó tú èyí tó jóná, wọ́n ní láti ka iye ìgbà tí wọ́n ká a, kí wọ́n wọn bó ṣe nípọn tó, kí wọ́n sì ya apá ibi tó yí sí. Òwú tàbí sílíìkì ni wọ́n fi ń bo wáyà láyé àtijọ́. Ọ̀dà tó wà lára tòní fúyẹ́ jù ú lọ, ó sì ń fara da ooru jù ú lọ. Iṣẹ́ tí àwọn réwáyà ń ṣe fún sítátà mọ́tò n'Íbàdàn àti l'Ékòó kò yàtọ̀ sí èyí ní gbòǹgbò rẹ̀.

Ìbátan tó wà láàárín sítátà àti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi kì í ṣe àfẹnusọ. Ní 1934, ní ìlú Fargo ní Àríwá Dakota, O. G. Schmidt mú sítátà ọkọ̀ Ford Model A, ó so pùròpẹ́là mọ́ ọn, ibẹ̀ sì ni ẹ́ńjìnnì Minn Kota táwọn apẹja fi ń rọra tukọ̀ ti wá. Ẹ fi èyí wé ìtàn Elco. Ilé iṣẹ́ yìí ló pèsè ọkọ̀ oníná tó lé ní 50 fún àṣehàn ńlá Chicago ní 1893. Ní 1899, ó di ara Electric Boat, ilé iṣẹ́ tí òkìkí rẹ̀ dá lórí ọkọ̀ ogun abẹ́ omi; Elco fúnra rẹ̀ ṣe ọkọ̀ ogun kéékèèké nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó sì kógbá sílé ní 1949. Ẹni tó bá ń fi orúkọ Elco wá páàtì, ìtàn ọkọ̀ ogun ni yóò máa bá pàdé.

Mo gbà pé ibì kan wà tí ìwọ̀n kò ti lè ṣe nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ìgbà tiwa ni pátákó ẹ̀rọ ayárabíàṣá wà nínú wọn, tí wọ́n da gọ́ọ̀mù bò mọ́lẹ̀. Bí ilé iṣẹ́ tó ṣe é bá ti jáwọ́, kò sí ohun tí tọ́nà tàbí réwáyà lè wọ̀n níbẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kíyè sí ohun tí èyí túmọ̀ sí: ẹ́ńjìnnì ọdún 1900 lè rọrùn láti tún ṣe ju ti ọdún 2010 lọ. Ọjọ́ orí kọ́ ni ọ̀tá.

Àwọn kan á ní owó tí wọ́n máa ná sórí gbogbo èyí á ra tuntun, àti pé tuntun kì í fi iná ṣòfò bíi tàtijọ́. Òótọ́ ni, mi ò sì ní gba ẹni tó ń fi ọkọ̀ gbé èrò lójoojúmọ́ nímọ̀ràn pé kó gbára lé ohun tó dàgbà ju bàbá rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tuntun kì í sábà bá ìjókòó irin àti ọ̀pá pùròpẹ́là ọkọ̀ àtijọ́ mu, ọ̀pọ̀ ìgbà sì ni wọ́n ti gé igi ọkọ̀ dáadáa dànù kí ó lè wọlé. Àtakò tó wúwo lójú mi ni ti àwọn olùtọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, tí wọ́n ní bí a bá ti pààrọ̀ wáyà, búrọ́ọ̀ṣì àti bíárìn, kí ló kù tó jẹ́ ti 1898? Mo dá wọn lóhùn pé àwọn tó ṣe é mọ̀ pé búrọ́ọ̀ṣì á jẹ tán; torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe ilé rẹ̀ lọ́nà tó fi ṣeé yọ. Ọkọ̀ oníná ti ń gbé èrò lórí adágún Königssee ní Bavaria láti 1909, kò sì sí bí ìyẹn ì bá ṣe ṣeé ṣe láìpààrọ̀ ohun tó jẹ. Ohun tó burú ni kí wọ́n ju èyí tó jẹ náà nù láìkọ nǹkan kan nípa rẹ̀ sílẹ̀. Kí wọ́n so ó mọ́ ìwé tó sọ irú wáyà tí wọ́n bá nínú rẹ̀, iye ìgbà tí wọ́n ká a, irú kábọ̀n tó wà níbẹ̀ àti èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, kí ẹni tó máa ṣí ẹ́ńjìnnì náà lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún lè bá a níbẹ̀.