Àwọn Ọmọbìnrin Inú Ìwé Tí Ẹṣin Gba Ọkàn Wọn

Ẹni tí yóò bá pìtàn ìwé ọmọdé tí ó jẹ mọ́ ọmọbìnrin àti ẹṣin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀dọ̀ obìnrin kan tí kò lè rìn dáadáa ni yóò ti mú ọ̀rọ̀ bọ̀. Anna Sewell, tí wọ́n bí ní Great Yarmouth ní 1820, ṣubú nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ó sì fi ọrùn ẹsẹ̀ ṣèṣe tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè dúró pẹ́ mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Láti ìgbà náà lọ, ẹṣin tí ń fa kẹ̀kẹ́ ni ó di ẹsẹ̀ fún un. Ìwé kan ṣoṣo tí ó kọ, Black Beauty, jáde ní 1877. 40 pọ́n-ùn péré ni àwọn Jarrold, atẹ̀wé ìlú Norwich, rà á lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì tó oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà tí ó fi papòdà.

Ẹṣin fúnra rẹ̀ ni ó ń ro ẹjọ́ ara rẹ̀ nínú ìwé náà, láti ọwọ́ olówó kan dé ọwọ́ òmíràn. Ẹṣin iwájú sì ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré: ó pẹ́ tí àwọn tí ó kọ̀wé lẹ́yìn rẹ̀ fi ń jẹ́ kí ẹṣin máa sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mọ́tò ti gba ẹrù àti èrò lọ́wọ́ ẹṣin, tí wọ́n sì ti dá Pony Club sílẹ̀ ní 1929 láti máa kọ́ ọmọdé ní ẹṣin gígùn, ẹṣin wá di ohun tí ọmọdé lè máa fi ojú inú wá kiri.

Ní 1935 ni Enid Bagnold, ará Rottingdean létí òkun Sussex, gbé National Velvet jáde, tí ọmọ rẹ̀ obìnrin, Laurian Jones, sì ya àwòrán sí i. Velvet Brown, ọmọ alápatà, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ń fi ẹṣin bébà tí ó gé láti inú ìwé ìròyìn ṣeré, títí tíkẹ́ẹ̀tì lọ́tìrì oníṣílè kan fi sọ ọ́ di ẹni tí ó ni ẹṣin aláwọ̀ méjì kan, ẹhànnà ẹran tí ó ti sú gbogbo abúlé nítorí pé kò sí ògiri tí kì í fò. Kí sì ni ènìyàn lè fi irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ ṣe, bí kò ṣe kí ó mú un lọ sí Grand National ní Aintree lẹ́bàá Liverpool, pápá tí ń gba ọlá lọ́wọ́ agẹṣin ọlọ́lá, níbi tí ẹṣin ti ń sá eré tí ó ju máìlì mẹ́rin lọ, tí ó sì ń fo ìdènà 30? Ìyá Velvet, tí òun náà ti fi ara wẹ òkun tí ó wà láàrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Faransé kọjá nígbà èwe rẹ̀, ni ó kó owó wúrà tí ó fi ìlúwẹ̀ẹ́ náà jẹ fún un láti fi san owó ìwọlé. Velvet múra bí ọkùnrin, ó gbégbá orókè, aṣírí sì tú. Wọ́n gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ ìtàn náà di fíìmù ní 1944, Elizabeth Taylor ni ó ṣe Velvet, ṣùgbọ́n Anne Revere, tí ó ṣe ìyá, ni ó gba ẹ̀bùn Oscar, ó sì tọ́ sí i.

Ó di 1977 kí Charlotte Brew tó di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó gun ẹṣin nínú Grand National ní tòótọ́, lẹ́yìn tí òfin 1975 ti ka yíya obìnrin sọ́tọ̀ léèwọ̀. Ní 2021 ni Rachael Blackmore, ọmọ ilẹ̀ Ireland, fi Minella Times borí, ọdún 86 lẹ́yìn tí Velvet ti ṣe é nínú ìwé.

Joanna Cannan ni ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹṣin, tí ó fi í sí ẹnu ọmọbìnrin, nínú A Pony for Jean ní 1936. Bàbá Jean ti pàdánù owó rẹ̀. Àwọn ìbátan rẹ̀ olówó sì fi ẹṣin kékeré kan ta á lọ́rẹ, ẹṣin tí ó gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń fi orúkọ ẹ̀sín pè é. Jean sọ ọ́ ní Cavalier, ó bọ́ ọ, ó sì ń gùn ún; bí ẹṣin bá dá ni, à á tún un gùn. Lójú tèmi, níbi yìí ni agbára àwọn ìwé wọ̀nyí wà: ohun tí ẹlòmíràn kò kà sí ni ọmọbìnrin tí kò ní lọ́wọ́ fi ń di ẹni iyì. Àwọn ọmọ Cannan mẹ́ta, Josephine àti àwọn ìbejì Diana àti Christine Pullein-Thompson, jogún iṣẹ́ ìyá wọn, ìwé wọn sì ju 100 lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ nínú wọn jọ ara wọn jù. Ẹ̀rín ni Ruby Ferguson fi kún un ní 1949: opó ni ìyá Jill Crewe, ọmọbìnrin inú ìwé rẹ̀, ìwé ọmọdé ni ó sì ń kọ jẹun, ìwé tí Jill fúnra rẹ̀ kò lè fara da kíkà rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, Marguerite Henry kọ Misty of Chincoteague ní 1947, nípa erékùṣù kan ní Virginia tí àwọn panápaná rẹ̀ máa ń da ẹṣin ìgbẹ́ Assateague la omi kọjá wá tà ní oṣù keje. Paul àti Maureen, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, jọ ṣiṣẹ́, wọ́n jọ fi owó pamọ́, wọ́n sì jọ tọ́ abo ẹṣin kan tí wọ́n rà níbẹ̀ títí ọjọ́ eré-ìje fi pé, tí ó sì di dandan kí ẹnì kan ṣoṣo gùn ún. Wọ́n fa eegun àyà ẹyẹ ya láti mọ ẹni tí yóò jẹ́, Paul ni ó sì jẹ ẹ́. Mo rò pé, bí ó bá ṣe Enid Bagnold ni, kì bá tí gbà kí eegun ẹyẹ dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.